Ìkéde: Iṣẹ́ tí a ó jọ gbọ́ ní ìpàdé tó ń bọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Real Enemies, iṣẹ́ Darcy James Argue, ẹni tó kọ orin náà, àti ẹgbẹ́ jáàsì rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Secret Society, ló kàn. Olórin 18 ni wọ́n. Brooklyn, ní New York, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é lórí ìtàgé ní 2015; àwo rẹ̀ jáde ní 2016.

Ìfura ni orin náà dá lé: àwọn ará Amẹ́ríkà tó gbà pé ìjọba ń fi nǹkan pamọ́ fún àwọn. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o. Àbí FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, kò dẹtí sí tẹlifóònù Martin Luther King tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ni? CIA, àwọn amí ìjọba náà, fún àwọn èèyàn ní LSD, oògùn tó ń múni rí ohun tí kò sí, láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀. Ibi tí òótọ́ àti àhesọ ti wọnú ara wọn ni Argue dúró sí.

Ó lo ọgbọ́n ìkọrin tí wọ́n ń pè ní ohùn 12 (twelve-tone): ẹ ò ní padà sórí ohùn kan títí ẹ ó fi kan gbogbo 12. Etí á máa wá ibi tí yóò jókòó sí, kò ní rí. Inú bí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ká má parọ́. Ìgbà kẹta ló tó wọ̀ mí lára.

Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ pa fóònù yín. Ti ẹ̀ẹ̀kan yẹn, ibi tó dákẹ́ jù lọ ni ti ẹnì kan ti dún.

Akọ̀wé