Àbẹ̀kẹ́, Jẹ́ Kí Ara Sinmi

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo rí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́, ìwọ pẹ̀lú aṣọ jùdó àti bẹ́líìtì funfun. Ó wù mí. Màmá àgbà wò ó títí, wọ́n ní ṣé ọmọ tó ń gbé ọkùnrin ṣánlẹ̀ yóò ṣì rẹ́ni fẹ́ ẹ. Mo ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni pé ojoojúmọ́ ni o ń lọ, títí kan ọjọ́ Ìsinmi.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó ọ báyìí: ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Tó bá tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta, tí ara ti mọ́ ọn, fi Sátidé kún un. Má tíì kọjá ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́dún yìí. Bí ìdánwò bá dé, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Nọ́ọ̀sì ni mí, n kì í ṣe kóòṣì, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lábẹ́ awọ. Bí o bá ń fa èèyàn tí o ń tì í, ẹran ara rẹ ń ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ojú kò lè rí i. Ìgbà tí o bá jẹun tí o sùn ni ara ń tún un ṣe, tí yóò sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ara fi máa ń ro èèyàn jù ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta. Iṣan tó so egungun mọ́ egungun tún lọ́ra jùyẹn lọ, torí ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Apá rẹ lè ti le nígbà tí orúnkún rẹ kò tíì ṣe tán, orúnkún yẹn ló sì ń gbé àwọn eléré ìdárayá wá bá wa ní wọ́ọ̀dù.

Ti ukemi, ìyẹn ọ̀nà tí ẹ fi ń ṣubú láìfarapa, ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹni tó ti rẹ̀ máa ń gbàgbé láti tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà bó ṣe ń ṣubú, ìpàkọ́ rẹ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Bí orí rẹ bá gbálẹ̀, tí òòyì ń kọ́ ọ tàbí tí èébì ń gbé ọ, jùdó ti parí lọ́jọ́ náà, ì báà ku randori (ìjàkadì ìdánrawò) ẹyọ kan. Dókítà ló máa sọ ìgbà tí o máa padà.

O ní àwọn ará Jàpáànì ń ṣe kangeiko, ìdánrawò ìgbà òtútù, pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jí lọ nídàájí. Òótọ́ ni. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ń ṣe é ní Kodokan, ilé ẹ̀kọ́ jùdó, nínú oṣù Kìíní, ó di ọdún mìíràn. Jigoro Kano tó dá Kodokan sílẹ̀ ní Tokyo lọ́dún 1882, olùkọ́ ni, ohun tó sì tẹnu mọ́ ni pé kí èèyàn lo agbára rẹ̀ síbi tí yóò ti wúlò jù. Ìwọ tí o kò lè gbápá sókè ya irun mọ́, ibo lò ń lo tìẹ sí?

Ríro tó kárí itan méjèèjì, tó ń fúyẹ́ bí o ṣe ń rìn, kò léwu. Èyí tó bá wà lójú kan, tó ń gún ọ, tí oríkèé sì wú, dúró. Má gbé oògùn ara ríro mì kí o lè padà sórí máàtì. Bí ìtọ̀ rẹ bá dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn ìdárayá, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Kóòṣì rẹ lè má sọ èyí: bí nǹkan oṣù rẹ bá dáwọ́ dúró, má yọ̀ pé o bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Ó lè jẹ́ pé oúnjẹ rẹ kò tó iṣẹ́ tí ara ń ṣe, egungun ló sì máa ń jìyà rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Pè mí.

Lọ́jọ́ tí o kò bá lọ, fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí kíláàsì, kí o na ara díẹ̀. Fóònù tí o ń tẹ̀ di aago méjì òru yẹn, gbé e sílẹ̀. Kóòṣì kankan kò lè bá ọ sùn oorun rẹ.

Mo ti fi owó sí àkáǹtì rẹ. Ti ẹyin àti ẹ̀wà ni, kì í ṣe ti aṣọ jùdó kejì. Mi ò sí lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, pè mí nígbà náà.

Ìyá rẹ