Lẹ́tà sí Thomas Selfridge, tí wọ́n ń pè ní èrò ọkọ̀

Bọ̀dá Thomas,

Ẹ má bínú pé bọ̀dá ni mò ń pè yín o, ọmọ ọdún 26 péré ni yín nígbà tẹ́ ẹ lọ, èmi sì ti jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n 1882 ni wọ́n bí yín ní San Francisco, ẹnu mi ò gbà á láti máa sọ "ìwọ" sí yín. Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni pé gbogbo ibi tí mo bá ti rí orúkọ yín, nǹkan kan náà ni wọ́n ń sọ, pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ kú nínú jàǹbá bàálù, wọ́n á tún fi kún un pé èrò ọkọ̀ ni yín, Orville Wright, tí òun àti Wilbur ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jọ ṣe bàálù náà, ló ń wà á. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí gan-an, àfi bíi pé ẹ kàn ń kọjá lọ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wọlé.

Kí ló dé tí wọn kì í sọ pé ẹ̀yin gan-an máa ń fò? May 1908, ní Hammondsport ní New York, ẹ̀yin nìkan lẹ gbé bàálù tí wọ́n ń pè ní White Wing kúrò nílẹ̀, kò sí sójà Amẹ́ríkà kankan tó ti dá wa bàálù ṣáájú yín. Red Wing tó fò ṣáájú ẹ̀, ẹ̀yin lẹ ya àwòrán ẹ̀. Àti káìtì ńlá tí bàbá Alexander Graham Bell ṣe yẹn ńkọ́, bàbá tó ṣe tẹlifóònù, December 1907 ní Canada, ta ló wà lórí ẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi ń fà á, tó fi iṣẹ́jú méje wà lókè níbi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 168? Ẹ̀yin náà ni.

Mo mọ̀ pé Orville ò fọkàn tán yín. Ẹgbẹ́ tí Bell àti Glenn Curtiss fi ń ṣe bàálù tiwọn lẹ wà, ẹ tún wà lára àwọn sójà tó fẹ́ yẹ bàálù wọn wò, ló bá gbà pé ẹ fẹ́ wá jí ọgbọ́n òun àti Wilbur kó ni. Mi ò dá a lẹ́bi, wọ́n ti ṣe wàhálà lórí nǹkan yẹn. Ṣùgbọ́n January ọdún yẹn lẹ ti kọ lẹ́tà sí wọn fúnra yín, ẹ béèrè ohun tẹ́ ẹ fẹ́ mọ̀, wọ́n sì dáhùn. Ìyẹn ò jọ ìwà olè lójú mi.

Ó wá di 17 September, ní Fort Myer, bárékè àwọn sójà ní Virginia. Ìjọba ti ṣèlérí $25,000 fún bàálù tó bá lè gbé èèyàn méjì kó sì sá 40 máìlì ní wákàtí kan. Lahm tó jẹ́ ọ̀gá sójà ti bá Orville gòkè, Squier tóun náà jẹ́ ọ̀gá sójà ti lọ, ó wá kàn yín. Pùròpẹ́là tuntun tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ so mọ́ ọn. Ẹ ti yí pápá po ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 150 sókè, ni Orville bá gbọ́ tí nǹkan ń dún kọ́kọ́kọ́ lẹ́yìn, ó bojú wẹ̀yìn, kò rí nǹkan kan, ó ní kóun pa ẹ́ńjìnnì, gbà! gbà! ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Pùròpẹ́là kan ló ti là, ó ń jó lọ jó bọ̀ títí ó fi lọ kọ́ wáyà tó di ìrù ọkọ̀ mú, bí ìrù ò ṣe gbọ́ràn mọ́ nìyẹn. Orville ní ẹ ò sọ nǹkan kan, ẹ kàn wẹ̀yìn, ẹ wo ojú òun, ìgbà tí ọkọ̀ wá dorí kodò lòun gbọ́ tẹ́ ẹ ní "Oh! Oh!", ohùn yín fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde.

Ibẹ̀ yẹn kì í rọrùn fún mi láti kà. Torí mo gbà pé ẹ mọ̀. Èrò lásán á rò pé bí ọkọ̀ ṣe máa ń dún nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ti bá wọn kan bàálù tó sì ti wà á rí, tó bá wẹ̀yìn, ohun tó ń wò yé e.

Igi ara ọkọ̀ ló gbá yín lórí, dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ, ẹ ò lajú títí ẹ fi dákẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ Orville kán, egungun ìhà ẹ̀ kán, Katharine àbúrò ẹ̀ fi iṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ wá jókòó tì í ní ọsibítù. Kò sí àṣíborí lórí yín. Lẹ́yìn ikú yín làwọn sójà tó ń wa bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í dé nǹkan líle sórí.

Wọ́n sin yín sí Arlington, ibi ìsìnkú àwọn sójà, ẹ̀gbẹ́ pápá yẹn náà. Lọ́dún kejì, Orville àti Wilbur jọ padà wá, July 30, 1909, Orville fò dé Alexandria ní Virginia níbẹ̀ ó sì padà, wọ́n sì gba $30,000 torí ó sáré ju bí àdéhùn ṣe wí. Ẹni tó jókòó sí àyè yín lọ́jọ́ yẹn ni Benjamin Foulois, tẹ́ ẹ jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàlúùnù ológun. Foulois dàgbà o, ó di ọ̀gá pátápátá fún àwọn sójà òfurufú Amẹ́ríkà, 1967 ló tó kú, gbogbo ìgbà tí mo bá sì ń kà nípa ẹ̀, ohun tẹ́yin náà ì bá dà ni mo máa ń rò.

Èmi ni tiyín,
ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀ rí.