Abà Tí Mo Kọ Òdo Sí

Ìṣẹ́yìn,
Ọjọ́ 14, Oṣù Kejìlá, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Iṣẹ́ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù dé ọwọ́ mi. Mo ní kí àbúrò rẹ lọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, torí ojú mi kò gba ìwé orí fóònù mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ẹni tó máa ń sunkún tí wọ́n bá ti pe ìṣirò ló wá ń ka egungun dáínósọ̀, àwọn ẹranko ayé àtijọ́, ní Montana ní Amẹ́ríkà yìí! Àmọ́ gbólóhùn kan wà lójú ewé kẹta tí mo gbé lọ sórí ibùsùn: o ní àwọn dáínósọ̀ ti ń kú tán lọ kí òkúta ojú ọ̀run tó já lù wọ́n. Ta ló sọ fún ọ?

Mo mọ ohun tí o rí. Ní Alberta ní Kánádà, nínú òkúta ọlọ́dún mílíọ̀nù 76, oríṣiríṣi ni wọ́n hú jáde: oníwo lóríṣiríṣi, ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ tó ní ogbe lórí bí àkùkọ. Ní Hell Creek, ní Montana tí ìwọ wà, níbi tí òkúta ti sún mọ́ ọdún mílíọ̀nù 66, Triceratops oníwo mẹ́ta lónìí, Triceratops lọ́la, Edmontosaurus ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ, àti Tyrannosaurus tó ń fi wọ́n ṣe oúnjẹ. Ẹni tó bá wò ó báyìí á ní ẹbí yẹn ti ń kógbá sílé. Àwọn àgbà inú iṣẹ́ yín náà kọ irú rẹ̀ ní 2016, wọ́n tún kọ ọ́ ní 2021. Kà wọ́n dáadáa.

Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun kan fún ọ tí n kò sọ fún ìyá rẹ rí. Lọ́dún 1991 tí wọ́n kànìyàn ní Nàìjíríà, wọ́n mú àwa olùkọ́ mọ́ iṣẹ́ náà. Abà mọ́kànlá ni wọ́n fún mi. Nígbà tí mo máa dé ẹ̀bá èyí tó gbẹ̀yìn, ilẹ̀ ti ń ṣú, eèsún ga jù mí lọ, ó sì ti bo ẹnu ọ̀nà. Mo dúró lójú títì, mo ké "Ẹ ǹlẹ́ o" lẹ́ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo kọ òdo, mo gun kẹ̀kẹ́ mi, ó di ilé. Nínú oṣù Kejì, lẹ́yìn tí iná ti jó igbó yẹn ráúráú, mo tún gba ibẹ̀ kọjá. Ilé mẹ́rin! Wọn kò ju ìsọ̀kò kan sí ojú títì, páànù wọn ń kọ mànà. Ìyá àgbà kan jókòó ti agbada, ó ń yan gààrí, èéfín ń ta á lójú, ó ń fi àkúfọ́ igbá rò ó. Ó gbójú sókè, ó ní, "Tíṣà, wọ́n ní ìwọ ló ń kànìyàn lápá ibí. A retí rẹ títí." Ọmọ mi, ẹnu mi wúwo.

Eèsún yẹn náà ló wà ní ọ̀dọ̀ yín. Lọ́dún yìí, àwọn kan tí ọ̀gá wọn wà ní London kó àkọsílẹ̀ egungun bí 8,000 jọ, gbogbo rẹ̀ láti Àríwá Amẹ́ríkà, láti ọdún mílíọ̀nù 84 títí dé 66. Ìbéèrè méjì ni wọ́n yà sọ́tọ̀: ṣé ẹranko wà níbẹ̀? Tó bá wà, ṣé a lè rí i? Ibi tí wọ́n ń gbé kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Rírí wọn ló dín kù, torí òkun tó la ilẹ̀ yẹn sí méjì ti ń fà sẹ́yìn nígbà náà, òkúta ìgbẹ̀yìn tó hàn síta kò sì pọ̀. Koríko ti bo èyí tó kù.

Rántí ọ̀rọ̀ ìwo dáínósọ̀ tí wọ́n rí ní ọ̀dọ̀ yín náà. Ó pẹ́ tí àwọn kan ti ń sọ pé mítà mẹ́ta tó wà lábẹ́ ìlà ìparun, ìlà inú òkúta tó fi ìgbà tí òkúta ojú ọ̀run já hàn, ṣófo, pé wọ́n ti kú kí òkúta tó dé. Ní 2011, níbẹ̀ ní Montana, wọ́n fi ìwo kan hàn tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 13 sí ìlà yẹn lọ. Àwọn onímọ̀ méjì, Signor àti Lipps, ti kìlọ̀ ní 1982 pé egungun tí a rí kẹ́yìn kọ́ ni ẹranko tó kú kẹ́yìn.

Hell Creek kọ́ sì ni gbogbo ayé, bí Ìṣẹ́yìn kò ṣe jẹ́ gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Alamosaurus ọlọ́rùn gígùn ṣì ń rìn ní New Mexico nígbà tí ìparun kò ju ọdún 400,000 lọ mọ́. Oṣù Kẹwàá tó kọjá ni wọ́n gbé ọjọ́ orí òkúta náà jáde. Ní Mòrókò, nínú kòtò fọ́síféètì, wọ́n rí ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ tí wọ́n sọ ní Ajnabia ní 2021. Ṣáájú ìyẹn, ní ti ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ, òdo ni ìwé ń kọ sí iwájú Áfíríkà. (Ní Goronyo wa ní Sókótó, ẹran inú òkun ìgbà yẹn ni wọ́n rí, kì í ṣe dáínósọ̀. Má dà á pọ̀ o, mo mọ̀ ọ́.)

N kò ní kí o wá kọ ọ́ pé wọ́n ń gbilẹ̀. Ó lè jẹ́ pé oríṣi ajewéko ńlá dín kù ní Hell Creek lóòótọ́. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ní Hell Creek. Bí ọ̀gá rẹ bá ní gbólóhùn tó kúrú ló dùn, kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o fi tìrẹ sílẹ̀. Tí ẹ bá tún lọ wa ilẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, gbogbo òkè tí o bá gùn tí o kò rí nǹkan kan, kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kọ wákàtí tí o fi rìn ún, kí o sì kọ bóyá òkúta ló hàn síta tàbí koríko. Èmi kò kọ ti eèsún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Gààrí wà nínú ẹrù rẹ̀. Ìyá àgbà yẹn ti lọ. Ọmọ rẹ̀ ló yan èyí, lórí agbada kan náà.

Bàbá rẹ.