Lẹ́tà sí àbúrò mi, lórí ọkọ̀ rẹ̀ tí ó wà lọ́wọ́ bàbá àwọn ọmọ rẹ̀

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Láti ìgbà tí o ti pè mí lálẹ́ àná pé o ti rí kọ́kọ́rọ́ kejì nínú àpótí aṣọ, àti pé o fẹ́ lọ wa ọkọ̀ rẹ kúrò nílé bàbá àwọn ọmọ rẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, ni oorun ti dá lójú mi. Mo bẹ̀ ọ́, má lọ. Ìwọ ni o ni ọkọ̀ náà, n kò jiyàn. Èmi ni mo bá ọ ka owó àjọ ọdún mẹ́ta tí o fi rà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rí ọ lóru tí o ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ nínú ọgbà rẹ̀ kò ní béèrè ìwé kí ó tó figbe olè ta.

Ojú èmi náà rí màbo nígbà tí mo fẹ́ gba ọkọ̀ tèmi lọ́wọ́ bàbá àwọn ọmọ mi, n kò kàn sọ ọ́ nílé ni. Àgọ́ ọlọ́pàá ni mo gbà lọ. Wọ́n mú un níwájú àwọn ọmọ, wọ́n sì wọ́ ọkọ̀ náà lọ sí àgọ́, níbi tí ó wà fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Lọ́jọ́ tí mo rí i gbà, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti jò, wọ́n ti yọ bátìrì lọ, koríko sì ti hù yí i ká. Mo ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, mo bá bàtà ilé-ìwé ọmọ mi, ẹsẹ̀ kan péré, lábẹ́ ìjókòó. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti tóbi jù ú lọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni agbẹjọ́rò wá ṣàlàyé fún mi pé Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, kò gbà kí a mú ènìyàn nítorí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ìwà ọ̀daràn tàbí nítorí àdéhùn tí ó yẹ̀ nìkan.

Ìwé ni kí o kọ́kọ́ wá. Bí ìwé ọkọ̀ bá tilẹ̀ wà nínú ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí o ti sọ, rìsíìtì ẹni tí ó tà á fún ọ ńkọ́? Àkọsílẹ̀ báǹkì ọjọ́ tí o sanwó ńkọ́? Kó wọn fún agbẹjọ́rò, kí ó kọ̀wé sí bàbá àwọn ọmọ rẹ, kí ó sì dá ọjọ́ fún un. Bí ó bá kọ̀, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tí ẹ ń gbé ní Citizens' Mediation Centre, ilé ìlàjà fún aráàlú, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, níbi tí wọn yóò ti pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó láìgba kọ́bọ̀. Bí ìyẹn náà kò bá yanjú rẹ̀, ilé-ẹjọ́ lè pàṣẹ kí ó dá ọkọ̀ padà.

Ó ní òun ni òun san owó ẹ́ńjìnnì tí ẹ pààrọ̀. Òótọ́ ni, àbúrò mi, má sẹ́ ẹ. Kí ó mú rìsíìtì rẹ̀ wá, kí ẹ ṣírò rẹ̀, kí o sì san án díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀sán gangan ni kí ẹ gbà á, kí ẹ̀gbọ́n bàbá wa wà níbẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Má mú àwọn ọmọ dání. Mo ti bá mẹkáníìkì mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí o bá dá ni yóò tẹ̀lé ọ. Kí ó tó di ọjọ́ náà, fi kọ́kọ́rọ́ yẹn ránṣẹ́ sí mi, kí n bá ọ tọ́jú rẹ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.