Ẹ Bi Aláìsàn Léèrè Bí Ó Ṣe Ń Gbé Ayé Rẹ̀

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo kí yín fún ojú ìwé ìlera tí ẹ máa ń gbé jáde. Àwọn ohun tí ẹ ti kọ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru ti mú kí ọ̀pọ̀ àgbà ní àdúgbò wa máa lọ yẹ ara wọn wò déédéé, ó sì tọ́ kí a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru inú ẹ̀dọ̀fóró (pulmonary hypertension), tí ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá kò lè rí rárá, èyí tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti apá ọ̀tún ọkàn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Òun ni ó ń bá àbúrò mi obìnrin fínra, bí àwọn tí ó ní i ṣe ń gbé ayé wọn lójoojúmọ́ ni mo sì fẹ́ kọ̀wé sí yín lé lórí.

Nínú àìsàn yìí, ìfúnpá inú àwọn iṣan náà á ga ju bí ó ti yẹ lọ, ọkàn á wá máa fi tipátipá ti ẹ̀jẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, títí tí apá ọ̀tún rẹ̀ yóò fi wú tí agbára rẹ̀ yóò sì dín kù. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, ìpíndọ́gba ìfúnpá náà sábà máa ń wà ní nǹkan bí 14 mmHg (ìwọ̀n tí a fi ń ka ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) nígbà tí ènìyàn bá sinmi; láti ọdún 2018, tí ó bá ti kọjá 20 ni àwọn onímọ̀ ń kà á sí àìsàn, bẹ́ẹ̀ 25 ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, tí ó pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ibi gbogbo lọ láyé, lè fà á, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀jẹ̀ dídì nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, Kamẹrúùnù, Mòsáńbíìkì àti Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 2016, fi hàn pé àìsàn apá òsì ọkàn ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò, àti pé nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni ó kú láàárín oṣù mẹ́fà.

Bí ẹ bá bá àbúrò mi lórí ìjókòó, ẹ ó ní kò sí ohun tí ó ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ó gbálẹ̀ yàrá kan, tàbí kí ó gun àtẹ̀gùn lọ sí òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ìgbà náà ni ẹ ó rí i tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Tí ó bá kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀, etí àga ni ó máa ń dì mú kí ó tó lè dìde, yóò sì dúró díẹ̀ kí èémí rẹ̀ padà bọ̀ sípò kí ó tó lè dáhùn ọ̀rọ̀ tí màmá bá bá a sọ. Àwọn kan ti sọ pé ọ̀lẹ ni, àwọn mìíràn ní ìgbéraga ni. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn dùn ún ju àìsàn náà fúnra rẹ̀ lọ, nítorí ó ti mọ bí yóò ṣe sinmi nígbà tí èémí bá há, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí yóò fi fèsì fún ẹni tí ó rò pé ó ń díbọ́n.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tún wà ńbẹ̀. Àwọn oníṣègùn máa ń kìlọ̀ fún obìnrin tí ó ní àìsàn yìí pé kí ó má lóyún, nítorí pé oyún lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ wo ìyàwó ilé tí a sọ èyí fún, tí kò lè sọ ọ́ fún àwọn àna, tí gbogbo ìsọmọlórúkọ tí ó bá lọ jẹ́ ibi tí wọn yóò ti máa gbàdúrà fún un pé tirẹ̀ náà yóò dé. Inú yàrá dókítà ni wọ́n ti sọ gbólóhùn yẹn fún àbúrò mi, kò sì sí ẹni tí ó tún bi í léèrè láti ìgbà náà bí ó ṣe ń gbé e mì.

Oògùn pàápàá ní ìnira tirẹ̀. Ó ń lo èyí tí ń lé omi jáde lára, tí ó ń mú kí ènìyàn tọ̀ lemọ́lemọ́. Lọ́jọ́ tí ó bá ń wọ ọkọ̀ èrò láti Ìbàdàn lọ sí Abẹ́òkúta, kì í lò ó, nítorí kò sí ibi tí obìnrin yóò ti rí ilé ìtọ̀ tí ó mọ́ lójú ọ̀nà. Tí ó bá di alẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú débi pé bàtà kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Dókítà kan rí ẹsẹ̀ wíwú náà, ó sì fi kún oògùn. Kò bi í bóyá ó ń lò ó. Sildenafil, tí àwọn ọkùnrin mọ̀ sí Viagra, wà lára àwọn oògùn tí ń mú iṣan ẹ̀dọ̀fóró dẹ̀, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà láti 2005 fún ẹ̀yà kan nínú àìsàn yìí. Ẹ̀yà tí àbúrò mi ní nìyẹn, ṣùgbọ́n èmi ni ó máa ń rán lọ rà á, nítorí ìwòkuwò tí wọ́n wò ó ní ilé ìtajà oògùn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùwádìí gbé ìwé ìbéèrè kan jáde ní 2014 tí wọ́n pè ní emPHasis-10. Ìbéèrè 10 péré ni. Ó ń béèrè bóyá àìlèmídélẹ̀ máa ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ ènìyàn lẹ́nu, bóyá ó lè gun àtẹ̀gùn, bóyá ó gbójú láti jáde lọ sí àárín èrò, bóyá ó ń rò pé òun ti di ẹrù sí àwọn ará ilé lọ́rùn. Aláìsàn á fi àmì láti 0 dé 5 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àpapọ̀ rẹ̀ bá sì ṣe ga tó ni ìnira ṣe pọ̀ tó. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, kò sì nílò iná mànàmáná. Mo mọ̀ pé yíya àwòrán ọkàn wọ́n owó, mo sì mọ̀ pé fífi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wọn ìfúnpá láti inú ọkàn, tí í ṣe ọ̀nà tí a fi ń fìdí àìsàn náà múlẹ̀, kò sí ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa. Ṣùgbọ́n bíbéèrè irú ìbéèrè wọ̀nyí ní èdè Yorùbá, kí a kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú fáìlì, kí a sì tún un béèrè nígbà mìíràn, kò kọjá agbára ilé ìwòsàn kankan.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Ẹ bá wa wádìí lọ́wọ́ àwọn dókítà ọkàn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun àti Èkó, kí ẹ tẹ ìdáhùn wọn jáde: ibo ni wọ́n ti ń yẹ àìsàn yìí wò, èló ni ó ń náni, àti èwo nínú wọn ni ó ń bi aláìsàn léèrè bí ó ṣe ń gbé nílé?

Èmi ni tiyín,
Ẹ̀gbọ́n aláìsàn kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.