Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Alágbẹ̀dẹ sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀, lórí Ilé Agbẹ̀dẹ Wa Tí Wọ́n Tì Pa

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa,
Ẹ̀dà rẹ̀ sí Kábíyèsí àti àwọn ìjòyè, àti sí Ọ̀gá Ọlọ́pàá ìlú.

Alága wa ọ̀wọ́n,

A dọ̀bálẹ̀, àwọn obìnrin inú wa kúnlẹ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú àìsùn lórí wa. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìlú dàrú mọ́ yín lọ́wọ́.

Àwa alágbẹ̀dẹ ìlú yìí, a jẹ́ mẹ́rìndínlógójì tí a ní agbẹ̀dẹ tiwa, láì ka àwọn ọmọṣẹ́. Kí a tó débi ẹjọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Kò sí ọkọ́ kan tó kan ilẹ̀ Ìbàràpá tí kì í ṣe ọwọ́ irú wa ló ti jáde. Ẹ̀gẹ́ tí ọkọ̀ ń kó lọ sí Ìbàdàn àti Èkó, irin wa la fi gbìn ín, irin wa la fi wú u, ọ̀bẹ wa la fi bó o. Láti Èrúwà dé Ìgàngàn, kò sí ààfin tí baba wa kò rọ ìkọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìlú tó bá lé alágbẹ̀dẹ, ebi ló ń pè.

Ohun tó gbé wa dé iwájú yín ṣẹlẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọjà kù ọ̀la. Ọkọ̀ mẹ́ta ló já sí ìdí agbẹ̀dẹ. Àwọn kan nínú wọn wọ aṣọ iṣẹ́, àwọn kan kò wọ̀. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ ààbò ìjọba ìbílẹ̀ ló rán wọn, àmọ́ nígbà tí Baba Ẹgbẹ́ wa ní kí wọ́n jẹ́ ká rí ìwé, wọ́n tì í lu owú. Wọ́n tú gbogbo inú agbẹ̀dẹ. Ọ̀kan nínú wọn fa páìpù tí atẹ́gùn ẹwìrì ń gbà wọ inú iná yọ. Páìpù náà kò gùn ju apá ọmọdé lọ, ẹnu rẹ̀ ti jó, ó ti ya. Ó gbé e sókè lójú gbogbo àwọn tó ń pàtẹ ọjà, ó ní, "Ẹnu ìbọn rèé." Ọmọ ọdún mẹ́wàá kan tó máa ń bá wa fín iná lẹ́yìn ilé-ìwé ló dáhùn pé ẹnu ẹwìrì ni. Wọ́n gbá ọmọ náà létí.

Agbẹ̀dẹ mẹ́rìnlá ni wọ́n fi àgádágodo tì. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sára ilẹ̀kùn wọn bí ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Wọ́n kó ẹwìrì mẹ́sàn-án lọ, wọ́n kó ọkọ́ méjìlélọ́gọ́ta tí a kò tíì fi èèkù sí, pẹ̀lú sípíríǹgì ọkọ̀ àlòkù tí a fowó ẹgbẹ́ rà láti fi rọ àdá. Wọ́n mú Baba Ẹgbẹ́ wa àti ọmọ ẹgbẹ́ méjì. Alága, ẹni ọdún 73 ni Baba. Ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Orí sìmẹ́ńtì ló sùn fún òru mẹ́ta, wọn kò gbé e dé ilé ẹjọ́, wọn kò sì sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀, wọ́n ní kó máa lọ, kó má tún fẹ́ iná mọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n títí di bí a ti ń kọ ìwé yìí.

Kí ni wọ́n sọ pé ó fà á? Wọ́n ní ẹnìkan ta wọ́n lólobó pé àwa là ń rọ ìbọn fún àwọn tó ń pariwo orílẹ̀-èdè Yorùbá. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ìròyìn gba gáréèjì pé àwọn ajínigbé là ń rọ ọ́ fún. Àwọn méjèèjì yìí kì í jọ jẹun, síbẹ̀ ọwọ́ wa ni wọ́n ní ìbọn wọn ti ń wá.

A kò sọ pé kí ẹ má ṣọ́ ìlú. Ta ló fẹ́ kọ́ ará Ìbàràpá ní ìbẹ̀rù? Ní oṣù Kìíní ọdún 2021 tí Sunday Igboho fún àwọn Fúlàní ní gbédéke ọjọ́ méje láti kúrò ní Ìgàngàn, a rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe gbóná. Lóru ọjọ́ 5 mọ́jú ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún náà, àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn, wọ́n pa èèyàn, wọ́n dáná sun ààfin Aṣígàngàn. Láti ìgbà yẹn ni ẹlòmíràn nínú wa kò ti sùn sí oko mọ́.

Kódà ṣáájú ìyẹn, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá kọ́kọ́ gbé ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn jáde ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 9 oṣù Kìíní ọdún 2020, inú wa dùn. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀ fi ní kò bófin mu. Títí àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi sọ ọ́ di òfin, ọdẹ ìlú kò mọ̀ bóyá ọlọ́pàá yóò kí òun ni tàbí yóò mú òun. Abuja ń fà á, Ìbàdàn ń fà á, lórí ta ló láṣẹ láti gbé ohun ìjà, àwa tí a wà láàárín ni okùn ń já lé lọ́wọ́. Lákòókò yẹn, àwọn aláṣẹ ìbílẹ̀ fúnra wọn ló wá bẹ̀ wá pé ká bá àwọn ẹ̀ṣọ́ pọ́n àdá. A pọ́n ọn fún oṣù méjì, a kò gba kọ́bọ̀. Àdá kan náà ló di ẹ̀ṣẹ̀ sí wa lọ́rùn lónìí.

Ní ti ìbọn, òfin ohun ìjà ọdún 1959 mọ ṣakabùlà, ó sì ní kí ẹni tó bá ní in gba ìwé àṣẹ. Ẹgbẹ́ wa kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti rọ ìbọn. Gbogbo wa la ti fẹnu kan irin lórí rẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ lọ́dọ̀ ọmọ Ògún. Bí ọwọ́ bá tẹ ẹni tó ṣe é, ẹ gbé e lọ sílé ẹjọ́, àwa la máa kọ́kọ́ jẹ́rìí lé e lórí.

Ohun tó tún dùn wá wọra ni àṣẹ tuntun pé kí àwọn tí wọn kò tì pa máa kọ orúkọ àti ẹ̀yà gbogbo ẹni tó bá ra àdá, kí wọ́n má sì tà á fún àlejò. Ta ni àlejò, Alága? Àwọn Àgàtú tó ń bá wa kọ ebè ńkọ́? Àwọn ọmọ Kútọnu tó ń ro oko ẹ̀gẹ́ ńkọ́? Ìyá Fúlàní kan wà tó ń ta wàrà, láti ayé baba wa ni ìdílé rẹ̀ ti ń ra ọ̀bẹ lọ́wọ́ wa. Lọ́jọ́ tó wá kẹ́yìn, òdìkejì títì ló dúró sí, ó rán ọmọ ẹlẹ́kọ sí wa kó bá òun gba ọ̀bẹ, torí kò fẹ́ kí wọ́n rí òun níbi tí irin wà. Ọ̀bẹ tí yóò fi gé wàrà! Ó mú un, ó fi gèlè wé e, ó sì yára lọ. Kò tíì padà wá. Bí ìyá yẹn kò bá lómìnira láti ra ọ̀bẹ lójú ọjà, tí àwa náà kò lómìnira láti rọ ọ́, ta ni ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nínú ààbò yìí?

Abala 35 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 ní ẹni tí wọ́n bá mú gbọ́dọ̀ dé ilé ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan, tàbí ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí ilé ẹjọ́ bá rí pé ó tọ́, níbi tí ilé ẹjọ́ bá jìnnà. Ó tún ní ẹni tí wọ́n mú lọ́nà tí kò bófin mu ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú àti ìtọrọ àforíjì ní gbangba. Ojú ọjà ni wọ́n ti dójú ti Baba.

A tún ní ọ̀rọ̀ lórí owó tíkẹ́ẹ̀tì tó lọ sókè lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan, lórí gọ́tà iwájú agbẹ̀dẹ tó ti dí, àti lórí iná tí a kò rí láti oṣù mélòó kan. Ìwọ̀nyí lè dúró.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ ṣí agbẹ̀dẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, kí ẹ dá ẹwìrì àti ọkọ́ wa padà ní pípé, kí ẹ yí àṣẹ kíkọ ẹ̀yà padà, kí aṣojú yín sì wá sí ìdí agbẹ̀dẹ wá bẹ Baba níbi tí wọ́n ti tì í. Bí ẹ bá fẹ́ máa yẹ agbẹ̀dẹ wò, ẹ yan ọjọ́, kí ọ̀gá ọlọ́pàá fọwọ́ síwèé, kí aṣojú ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Àwa fúnra wa la máa ṣílẹ̀kùn.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lójoojúmọ́ ni àgbẹ̀ ń bá ilẹ̀kùn títì pàdé, wọ́n ń bi wá léèrè ohun tí a máa ṣe. Àwọn ìyá onígàárì ti bi wá, àwọn ọdẹ náà bi wá. A kò tíì fún wọn lésì. Àwọn ọ̀dọ́ inú wa ní kí àwọn tí wọn kò tì náà paná agbẹ̀dẹ, kí gbogbo wa gbé owú wa wá sí iwájú sẹkitéríàtì, ká jókòó tì í. Àwa àgbà ló ń sọ fún wọn pé ọmọlúàbí ni Alága, pé ó máa dá wa lóhùn kí ọjọ́ ọjà méjì tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa di irọ́ lójú wọn.

À ń retí yín.

Àwa ni tiyín nítòótọ́,
Igbákejì Alága (ó ń fọwọ́ sí i fún Baba Ẹgbẹ́ tí ara rẹ̀ kò tíì yá), Akọ̀wé, Akápò, Ìyá Ẹgbẹ́, àti ìka ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní ẹ̀yìn ìwé yìí.