Bí Ìkìlọ̀ Ọlọ́run Bá Dé Etí Wa

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, bí àwọn ajíhìnrere bá ti fi gbohùngbohùn kìlọ̀ ìdájọ́ ní Òkè-Fíà, ní Òṣogbo níbí, "Kì í ṣe ìpín mi!" ni ọ̀pọ̀ àwa onígbàgbọ́ fi ń dáhùn, a ó sì ta ìka yí orí ká. (Èmi kò sọ pé gbogbo wọn ni Ọlọ́run rán o.) Nígbà tí Jónà kéde pé ó ku 40 ọjọ́ kí Nínéfè parun, ọba ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́, ó jókòó sínú eérú, ó sì pàṣẹ pé, yàtọ̀ sí ààwẹ̀, kí olúkúlùkù jáwọ́ nínú ìwà ipá. Apá kejì àṣẹ yẹn ni a máa ń fò, nítorí ó rọrùn fún wa láti gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ju kí oníṣòwò pààrọ̀ kóńgò tí ó tẹ̀ nídìí, tàbí kí ọ̀gá san owó tí ó jẹ òṣìṣẹ́ rẹ̀, lọ. Jèhóíákímù ọba Júdà ní tirẹ̀ jókòó ti iná, ó ń fi ọ̀bẹ gé ìwé ìkìlọ̀ Jeremáyà, ó sì ń jù ú síná. Mo bẹ àwọn olùṣọ́-àgùntàn wa pé, kí wọ́n tó kéde ààwẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ tí a ó fi sílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọmọ ìjọ kan, Òṣogbo